Parser: ohun tó ń ka kóòdù nígbà tí a ṣì ń kọ ọ́

Bí ẹ bá jókòó ti ọ̀dọ́ tó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí i pé bó ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, ìlà pupa sì ń yọ níbi tó ti ṣàṣìṣe. Inú ẹdítọ̀, ìyẹn ètò tí a fi ń kọ kóòdù, ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Parser ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Kì í mú kóòdù ṣiṣẹ́. Ó kàn ń kà á ni, bí olùkọ́ ṣe ń ka dictée.

Bó ṣe ń kà á

Ẹ wo ìlà yìí ní èdè Python:

iye = 3 * 25

Parser á kọ́kọ́ gé e sí wẹ́wẹ́: orúkọ kan, àmì «=», nọ́ńbà méjì, àti àmì ìsọdipúpọ̀. Lẹ́yìn náà, á tẹ̀lé gírámà èdè náà, á sì tò wọ́n bí igi. «=» ni ìdí igi; «iye» ni ẹ̀ka kan, ìsọdipúpọ̀ ni ẹ̀ka kejì, 3 àti 25 sì wà lórí ẹ̀ka kejì yìí. Igi yìí ni ẹdítọ̀ ń wò kó tó fún ọ̀rọ̀ ní àwọ̀.

Ibi tó ti le

Kóòdù tí a ń kọ lọ́wọ́ kì í pé. Parser ẹdítọ̀ ò gbọ́dọ̀ dúró nítorí àṣìṣe kan: kó sàmì sí ibẹ̀, kó máa kà lọ. Kò sì gbọ́dọ̀ falẹ̀. Bí a bá yí lẹ́tà kan padà láàárín ẹgbẹ̀rún ìlà, apá ibẹ̀ nìkan ló yẹ kó tún kà. Ohun tí Tree-sitter, tí Max Brunsfeld bẹ̀rẹ̀, ń ṣe nìyẹn. Ẹdítọ̀ Atom ti GitHub lò ó láti 2018. Atom ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2022, àmọ́ Tree-sitter ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú Neovim àtàwọn mìíràn.

Ìdí tó fi kan àwa olùkọ́

Bí parser bá tọ́ka sí ibi tí kì í ṣe ibẹ̀, ọmọ á ṣe wàhálà lásán. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé láti pa àkámọ́ (parenthèse) dé, Python àtijọ́ sábà máa ń tọ́ka sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Ọmọ á máa wo ìlà tí kò ní àbùkù, títí á fi rò pé òun ò mọ̀wé. Láti Python 3.10, tó jáde ní 2021, ó ń tọ́ka sí àkámọ́ náà gan-an. Nítorí náà, ẹ tẹ «python --version» lórí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ yín. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti máa wo ìlà tó ṣáájú pẹ̀lú.

Ohun tí kò lè ṣe

Bí ọmọ bá kọ 52 dípò 25, parser ò ní sọ nǹkan kan, torí gírámà rẹ̀ pé. Ìṣirò kò tọ̀nà, ìlà pupa ò sì ní yọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀.