Ìpele Ìkìlọ̀ fún Òkè Ayọnáyèéfín: Láti Armero dé Pinatubo

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìtàn ìlú Armero ní orílẹ̀-èdè Colombia fi hàn pé gbígbọ́ nìkan kò tó: arọ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò gbéra.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1985, àwọn onímọ̀ ti ya àwòrán ilẹ̀ tó fi hàn pé bí òkè Nevado del Ruiz bá bú, ẹrẹ̀ lè ṣàn bo Armero. Ṣùgbọ́n àwòrán kì í dá ọjọ́, àwọn aláṣẹ sì ń bẹ̀rù ìnáwó àti ìtìjú tó wà nínú kíkó ìlú kúrò lásán. Ní alẹ́ ọjọ́ 13, oṣù Kọkànlá, òkè náà bú. Ooru rẹ̀ yọ́ yìnyín tó wà lórí rẹ̀, ẹrẹ̀ sì gba ojú odò wá. Ó lé ní wákàtí méjì kí ó tó dé Armero, àkókò tó tó fún arọ pàápàá láti dé ilẹ̀ gíga. Nǹkan bí 23,000 ènìyàn ló bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1991, òkè Pinatubo ní Philippines jí. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ náà àti ti Amẹ́ríkà jọ gbé ìpele ìkìlọ̀ márùn-ún kalẹ̀ ní oṣù Karùn-ún. Ìpele kẹta túmọ̀ sí pé òkè lè bú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìkẹrin, láàárín wákàtí 24. Ìkarùn-ún, pé ó ti ń bú. Nítorí pé òkè a máa dákẹ́ nígbà mìíràn kí ó tó bú, wọ́n ṣòfin pé bí ó bá tilẹ̀ rọlẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ kọjá kí ìpele kẹrin tó padà sí ìkẹta.

Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹfà, wọ́n kéde ìpele kẹrin, wọ́n sì ní kí àwọn tó wà láàárín kìlómítà 20 kúrò. Ní ọjọ́ 10, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ẹbí wọn, nǹkan bí 14,500, fi ibùdó Clark sílẹ̀. Ní ọjọ́ 15, òkè náà bú pátápátá.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn là, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Ìjì òjò dé lọ́jọ́ kan náà. Eérú tutù, ó wúwo, òrùlé sì wó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àìsàn tún pa púpọ̀ nínú àwọn Aeta, onílẹ̀ òkè náà, nínú àgọ́ tí wọ́n kó wọn sí.

Ìpele ìkìlọ̀ kò dá òkè dúró, kò sì pèsè oògùn fún ẹni tó sá. Ohun tó ṣe ni pé ó jẹ́ kí onímọ̀, aláṣẹ àti ará ìlú ti fẹnu kò kí ìpayà tó dé. Àdéhùn yẹn ni Armero kò ní.