Akata Witch: Ìtàn Idán Tí Nnedi Okorafor Kọ

Akata Witch jẹ́ ìtàn àròsọ onídán tí Nnedi Okorafor fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ fún àwọn ọmọ tó ń bàlágà. Ilé ìtẹ̀wé Viking ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011. Nígbà tó di 2013, Cassava Republic, ilé ìtẹ̀wé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àbújá, tẹ̀ ẹ́ fún àwọn òǹkàwé Nàìjíríà, wọ́n sì sọ ọ́ ní What Sunny Saw in the Flames. Èébú ni orúkọ àkọ́kọ́ yẹn. Òun ni wọ́n fi bú akọni ìtàn náà ní ilé ìwé.

Sunny Nwazue ni akọni ọ̀hún, ọmọ ọdún 12. Ọmọ Ìgbò ni, ṣùgbọ́n New York ni wọ́n bí i sí, ó sì ti pé ọmọ ọdún 9 kí àwọn òbí rẹ̀ tó kó ẹbí wọn padà wá sílé. Ìlú Ábá ni wọ́n ń gbé. Àfín ni. Oòrùn kì í jẹ́ kó bá ẹgbẹ́ gbá bọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn, àfi tí ilẹ̀ bá ṣú. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí NEPA mú iná lọ, ó tan àbẹ́là, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì rí bí ayé yóò ṣe parẹ́. Iná ọ̀hún jó o nírun.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Orlu àti Chichi, ló là á lójú pé ọ̀kan lára Àwọn Ènìyàn Àmọ̀tẹ́kùn ni òun náà (kì í ṣe àwọn ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ wa o), ìyẹn àwọn tí wọ́n bí agbára mọ́. Àwa yòókù tí a ò ní nǹkan kan, Àgùntàn ni wọ́n ń pè wá. Sasha, ọmọ Chicago tí àwọn òbí rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà nítorí ìjàngbọ̀n, ló sọ wọ́n di mẹ́rin. Iṣẹ́ tí àwọn àgbà wá gbé lé wọn lọ́wọ́ ni láti dá Black Hat Otokoto dúró, gbọ́mọgbọ́mọ tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn ayé fún ẹ̀mí burúkú tó ń jẹ́ Ekwensu. Ará Nàìjíríà tó bá ti dàgbà díẹ̀ kò ní gbọ́ Otokoto kó má ta gìrì: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1996, wọ́n pa ọmọkùnrin ọlọ́dún 11 kan ní òtẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ Otokoto ní Owerri, àwọn ará ìlú sì fi ìbínú dáná sun òtẹ́ẹ̀lì náà.

Àwọn oníròyìn sábà máa ń pe ìwé yìí ní Harry Potter ti Nàìjíríà. Àfiwé ọ̀hún ń ta ìwé, ṣùgbọ́n ó ń bo ohun tó dára jù nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú ayé Okorafor, ìmọ̀ ni owó. Bí ènìyàn bá kọ́ nǹkan tuntun, owó onírin tí wọ́n ń pè ní chittim á já bọ́ láti òkè. Èyí tí wọ́n fi bàbà ṣe ló níye lórí jù, ti wúrà ló sì kéré jù. Àbùkù ara pẹ̀lú ni ojú ọ̀nà agbára. Lẹ́tà máa ń dàrú mọ́ Orlu lójú, síbẹ̀ òun ló mọ bí a ṣe ń tú oògùn ká. Àfín tí Sunny jẹ́ ló jẹ́ kó lè pòórá lójú ènìyàn. Òǹkọ̀wé náà mọ̀ nípa ara tó kọ iṣẹ́: elérè ìdárayá ni nígbà èwe rẹ̀, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nítorí ọ̀pá ẹ̀yìn tó wọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ fún ìgbà kan. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn.

Àárín Ejagham, Efik àti Ìgbò ló ti mú ọ̀pọ̀ ohun èlò ìtàn náà. Nsibidi, àmì ìkọ̀wé àtijọ́ tí Sunny ń kọ́ bí a ṣe ń kà á, wà lóòótọ́ ní agbègbè Odò Cross. Ẹgbẹ́ Ekpe, ẹgbẹ́ awo tí àmọ̀tẹ́kùn jẹ́ àmì rẹ̀, wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ìhà ibẹ̀ gbé e dé Cuba, níbi tó ti di Abakuá. Ẹni tó bá ti bá Àkàrà-ògùn wọ Igbó Irúnmalẹ̀ nínú ìwé Fágúnwà ti 1938 kò ní ṣàjèjì sí àwọn ẹbọra Okorafor, àmọ́ ó lè yà á lẹ́nu pé ilé ìkàwé ni ibi tí wọ́n ti ń wá agbára, àti pé ọmọ tó bá rú òfin ibẹ̀ á jẹ ẹgba.

Ìjà ìkẹyìn ni kò dùn tó. Lẹ́yìn gbogbo ìmúrasílẹ̀ yẹn, Ekwensu kò pẹ́ lójú ìjà rárá. Okorafor gbé e padà wá nínú Akata Warrior ní 2017, ìwé tó gba àmì ẹ̀yẹ Lodestar ní 2018, ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ènìyàn ní àmì ẹ̀yẹ náà. Ìkẹta, Akata Woman, jáde ní 2022.