Ìtàn tí ọmọ ilé-ìwé bá sọ, ọ̀dọ̀ ta ló yẹ kó padà sí?

 

Ìtàn tí mo gbé wá lónìí, ìtàn ilé-ìwé ni. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn oníṣẹ́ ọnà máa ń wá gbé ní ìlú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Òṣèré ni àwọn kan, ayàwòrán ni àwọn mìíràn. Wọ́n á wọ ilé-ìwé, wọ́n á jókòó ti àwọn ọmọ, wọ́n á ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n lè fi eré, àwòrán tàbí orin sọ ìtàn ara wọn àti ti ilé wọn. Résidence ni wọ́n ń pè é ní Faransé. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé àṣà tuntun ni. Kì í ṣe tuntun. Ó ti tó 90 ọdún tí wọ́n ti ń ní kí ọmọ ilé-ìwé láti ilẹ̀ wa sọ ìtàn ilé rẹ̀. Ohun tí a kò tíì bi ara wa tó ni pé, nígbà tí ọmọ bá sọ ọ́ tán, ta ló ń gbọ́ ọ? Níbo ni ìtàn náà ń lọ?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú mi ronú kan ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé-ìwé nígbà tiwa, ẹ mọ sínyáàlì. Igi kékeré kan tàbí egungun tí wọ́n so okùn mọ́ ni. Ọmọ tó bá sọ Nàgó nínú ọgbà ilé-ìwé, òun ni wọ́n á fi kọ́ lọ́rùn. Yóò máa ṣọ́ ọmọ mìíràn tí yóò ṣi ẹnu sọ èdè ilé, kí ó lè gbé e fún un. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí a bá ń lọ ilé ní ìrọ̀lẹ́, ẹgba ló ń jẹ. Èmi náà gbé e kọ́rùn. Lọ́jọ́ kan mo fẹsẹ̀ kọ, mo ṣubú, mo kígbe pé, “Yéè! Ìyá mi o!” Kí n tó dìde nílẹ̀, sínyáàlì ti dé ọrùn mi. Igbe náà kì í ṣe Faransé.

Mo dàgbà, mo di olùkọ́. Lọ́dún kan mo ní kí àwọn ọmọ CM2 kọ ìtàn kan tí wọ́n gbọ́ nílé wọn, ní Faransé. Nígbà tí mo kó ìwé wọn jọ, ẹnu yà mí. Ọmọ tí ilé wọn wà lẹ́yìn ọjà ń kọ̀wé nípa baba àgbà tó ń yáná nínú ilé nígbà tí yìnyín bo ìta. Òmíràn kọ̀wé nípa igi Noël tí kò rí rí. Inú ìwé kíkà ni wọ́n ti rí gbogbo rẹ̀. Wọn kò purọ́ fún mi. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ìtàn tó wà nínú ìwé ni olùkọ́ ń fẹ́, pé ìtàn ilé tiwọn kò tó ohun tí a ń kọ sílẹ̀.

Mo pe ọmọbìnrin kan nínú wọn, mo fi Nàgó bi í pé, “Kí ni ìyá àgbà rẹ máa ń sọ fún un yín lálẹ́?” Ó kọ́kọ́ wojú mi bóyá mo ń tàn án ni. Lẹ́yìn náà ó ní, ìyá àgbà òun sọ pé wọ́n kó ìyá àgbà tòun ní kékeré nígbà tí Kétu fọ́, wọ́n mú un lọ sí Abomey, ẹsẹ̀ ni ó sì fi rìn padà wálé.

Ẹ̀yin ará Kétu mọ ohun tó ń sọ. Ní 1886 ni ọmọ ogun Dàhòmì wọ Kétu, lẹ́yìn tí wọ́n dó tì í. Wọ́n sun ìlú, wọ́n kó àwọn èèyàn lọ. Abomey náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn Faransé ní 1892, nígbà náà ni àwọn tó ṣẹ́kù nínú àwọn èèyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Láàárín 1893 sí 1894 ni wọ́n tún ìlú tò, tí wọ́n sì tún fi Alákétu jẹ. Nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, n kò rí ju ìlà kan péré lọ nípa rẹ̀. Ọmọ yìí sì ní odidi ìtàn nílé.

Èyí ni mo ṣe lọ wá bí àwọn tó ṣáájú wa ṣe ṣe é.

Àwọn èèyàn wa kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà tipẹ́. Ní 1925, Fáàdá Francis Aupiais, míṣọ́nnárì ní Àjàṣẹ́, dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ La Reconnaissance Africaine. Ó ní kí àwọn ọmọ ilẹ̀ tó mọ̀wé máa kọ nípa àṣà àti ìtàn ìlú wọn. Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́ tó jẹ́ olùkọ́, kọ sínú rẹ̀. Òun náà ló wá kọ Doguicimi tó jáde ní 1938. Thomas Moulero, ọmọ Kétu, kọ ìtàn Kétu sínú ìwé ìròyìn yẹn kan náà. Ní 1928 ni wọ́n fi í jẹ àlùfáà, ọmọ Dàhòmì àkọ́kọ́ tó jẹ fáàdá. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ogójì ọdún péré ni lẹ́yìn tí ìlú fọ́. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Abomey ṣì wà láàyè tí ó lè bi léèrè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ William Ponty. Ilé-ìwé yìí ni ìjọba Faransé fi ń kọ́ àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé fún gbogbo ilẹ̀ Afrique occidentale française. Erékùṣù Gorée, níwájú Dakar, ló wà títí di 1938, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Sébikotane. Láti Dàhòmì, Côte d'Ivoire, Sudan àti Guinée ni wọ́n ti ń yan àwọn ọmọkùnrin tó mọ̀wé jù lọ síbẹ̀. Hubert Maga, ààrẹ wa àkọ́kọ́, kàwé níbẹ̀. Modibo Keïta ti Mali náà kàwé níbẹ̀.

Nǹkan méjì ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe. Èkíní, nígbà ìsinmi gígùn, kí oníkálùkù padà sí ìlú rẹ̀, kó bi àwọn àgbà léèrè, kó sì kọ ohun tó gbọ́ sínú káyé: bí a ṣe ń tọ́ ọmọ, bí a ṣe ń gbéyàwó, oúnjẹ, eré ọmọdé, ìsìnkú. Èkejì, kí àwọn ọmọ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ohun tí wọ́n gbọ́ ṣe eré orí ìtàgé. Ní 1933, àwọn ọmọ Dàhòmì ṣe eré nípa ìgbà ìkẹyìn tí Béhanzin àti Bayol fojú rinjú. Bayol ni aṣojú Faransé tó wá sí Abomey ní ìparí 1889 nítorí ọ̀rọ̀ Cotonou. Nígbà tí wọ́n ṣe eré yẹn, kò tíì pé 30 ọdún tí Béhanzin kú sí Algiers, ní ìgbèkùn. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú dúró lórí ìtàgé, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ sí ọba náà lẹ́nu, àwọn Faransé tó ṣẹ́gun rẹ̀ sì jókòó, wọ́n ń wò ó. Ní 1937, wọ́n kó wọn lọ sí Paris, sí Théâtre des Champs-Élysées. Sokamé ni àwọn ọmọ Dàhòmì ṣe níbẹ̀, ìtàn ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ fi rúbọ sí òrìṣà ejò nítorí pé òjò kọ̀ kò rọ̀.

Ohun ìwúrí ni. N kò ní bu iṣẹ́ wọn kù. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn àgbà ìgbà yẹn mọ̀ ni ìbá ti ṣègbé bí kì í bá ṣe káyé wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí gbogbo rẹ̀ gbà lọ. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, Faransé ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ni káyé náà lọ, ẹ̀yìn náà ni wọ́n kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn sí IFAN ní Dakar. Bàbá tó jókòó sábẹ́ igi, tó sọ ìtàn fún ọmọ rẹ̀ nígbà ìsinmi, kò lè ka ohun tí ọmọ náà kọ. Bí ọmọ bá ṣì í gbọ́, bàbá kò ní mọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò tún un ṣe. Ìtàn jáde nílé, kò padà wálé mọ́.

Ẹ wá wo Òṣogbo. Ní 1962, Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì, ṣí Mbari Mbayo sílẹ̀ níbẹ̀. Wọn kò gbé e sí yunifásítì. Ojú títì ni ó wà, ẹni tó ń ti ọjà bọ̀ lè yà wọlé wòran. Yorùbá ni Ládípọ̀ fi ṣe Ọba Kò So, ìtàn Ṣàngó. Ní 1964, Georgina Beier, ayàwòrán, kó àwọn ọ̀dọ́ jọ níbẹ̀, ó fún wọn ní ọ̀dà àti ààyè. Inú ẹgbẹ́ eré Ládípọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, kò sì sí èyí tó lọ ilé-ìwé iṣẹ́ ọnà nínú wọn. Twins Seven-Seven, oníjó, ya àwọn iwin àti ẹ̀mí inú ìtàn tó mọ̀. Jimoh Buraimoh, tó ń bójú tó iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ eré, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán, Muraina Oyelami náà sì di ayàwòrán. Òkìkí wọn kàn dé òkè òkun, ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo ló kọ́kọ́ rí iṣẹ́ wọn. Àwọn ará ìlú lè yìn ín, wọ́n sì lè sọ pé, “Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí.”

Àwa gan-an kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ èyí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kí ni Ẹ̀fẹ̀ wa ń ṣe ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Ó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé àti láàárín ọjà, lójú àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí, ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wà níbẹ̀. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ogún ńlá aráyé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kéde rẹ̀, a ti ní in lọ́wọ́.

Mo fẹ́ padà sórí ọmọbìnrin yẹn.

Nígbà tí òṣèré kan wá gbé ní àdúgbò wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ náà ní ìtàn ìyá àgbà ni òun fẹ́ ṣe. Inú mi dùn. Ní ọjọ́ kejì, bàbá rẹ̀ dé ilé-ìwé. Ojú rẹ̀ le. Ó ní, “Olùkọ́, ẹ má bínú o. Ẹ fẹ́ kí gbogbo ìlú máa pe ilé wa ní ilé ẹrú?” N kò rí èsì fún un. N kò ro ìyẹn rárá. Ìtàn ni mo rí, n kò rí ìtìjú tó wà nínú rẹ̀.

A jọ lọ bá ìyá àgbà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Ìyá dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, “Wọ́n kó wa lẹ́rú ni. A kì í ṣe ẹrú.” Ó ní kí wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n agboolé ni wọn yóò ti kọ́kọ́ ṣe é, Nàgó ni wọn yóò fi ṣe é, orúkọ kan sì wà tí wọn kò gbọdọ̀ dá.

Nígbà tí àwọn ọmọ ṣe é lójú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dá wọn dúró. Ó ní wọn kì í rìn lọ́sàn-án, òru ni. Ó ní ọmọ kékeré kì í sunkún lójú ọ̀nà yẹn, wọ́n ti kọ́ ọ láti dákẹ́. Ohun tí èmi olùkọ́ kò lè mọ̀ láé nìyẹn. Kò sì sí nínú ìwé kankan.

Fọ̀n ni ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì. Lẹ́yìn eré, ó bi mí pé, “Ṣé àwọn èèyàn wa ló ṣe é?” Mo sọ fún un pé ogun ọba ni, kì í ṣe ogun tìrẹ, àti pé àwọn ilé Fọ̀n náà ní ẹkún tiwọn láti 1892. Mo ní kí ó lọ bi ìyá àgbà tirẹ̀ náà léèrè. Ó lọ. Ìtàn tó mú bọ̀ gùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, bí àwọn oníṣẹ́ ọnà bá dé ilé-ìwé yín, ẹ má lé wọn. Ẹ gbà wọ́n, kí ẹ sì béèrè nǹkan mẹ́ta. Èkíní, kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ ní èdè tó fi gbọ́ ọ, kí Faransé tẹ̀ lé e. Èkejì, kí àwọn tó ni ìtàn kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n sì yọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ yọ. Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá kọ ọ́ tàbí tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀dà kan padà sílé.

Àwọn àgbà ní, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Káyé àwọn ọmọ Ponty wà ní Dakar títí dòní. Káyé ọmọbìnrin yẹn wà nínú àpótí ìyá àgbà rẹ̀, lábẹ́ aṣọ. Ìyá kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.