Aago Ara àti Ìpààrọ̀ Mùdùnmúdùn Eegun

Aago ara ni ètò tí ó ń sọ fún ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ìgbà tí yóò ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí yóò sinmi láàárín wákàtí 24. Ètò yìí kan ìpààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun pẹ̀lú, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń gba sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ le, tí wọ́n sì ń fà á sára aláìsàn. Ìtọ́jú yìí kan àwọn ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó gbọ̀ngbọ̀n nítorí àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde (sickle cell). Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó lè bí ọmọ tó ní àìsàn náà, ìpààrọ̀ yìí sì wà lára ìwọ̀nba ìtọ́jú tí ó lè mú àìsàn náà kúrò pátápátá.

Inú mùdùnmúdùn ni sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ń gbé. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní CXCL12 ló ń dá a dúró síbẹ̀. Bí wákàtí rẹ̀ bá tó, ọpọlọ á gba ojú iṣan rán èròjà noradrenaline sínú eegun, CXCL12 á dínkù, díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á sì bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Paul Frenette àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York ló rí èyí lára eku, tí wọ́n sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2008. Wákàtí márùn-ún lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́ ni sẹ́ẹ̀lì náà ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ eku. Nígbà tí wọ́n tan iná sílẹ̀ tọ̀sán-tòru, ètò náà dàrú.

Òru ni eku ń jẹ̀, ọ̀sán ni èèyàn ń ṣiṣẹ́. Aago àwọn méjèèjì kọ ẹ̀yìn síra. Lọ́dún kan náà ni àwọn olùwádìí yìí rí i pé ìrọ̀lẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn. Lára àwọn tí wọ́n ti fún ní oògùn G-CSF, tó ń mú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ jáde sínú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n lè fi sẹ́ẹ̀lì tọrẹ, èyí tí wọ́n gbà lọ́sàn-án pọ̀ ju ti àárọ̀ lọ.

Iṣẹ́ tí Christoph Scheiermann ṣe pẹ̀lú Frenette ní 2012 ló yẹ kí dókítà wa kà jù. Wọ́n fi hàn lára eku pé wákàtí ọjọ́ ń yí bí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fà sára ṣe ń fìdí múlẹ̀ nínú eegun padà, ó sì tún ń yí bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dí lára eku tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde padà.

Ṣé wákàtí tí wọ́n fa sẹ́ẹ̀lì sára aláìsàn lè pinnu bóyá yóò yè? Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì dé ibi tí a ti lè fọwọ́ sọ̀yà. Kí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ nínú àpò tí wọ́n gbà á sí, ọ̀tọ̀ ni; kí ara aláìsàn gbà á, ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ó bá ń yẹ àkọsílẹ̀ àtijọ́ wò gbọ́dọ̀ rántí pé ọjọ́ orí, oògùn àti bí ara olùtọrẹ àti ti aláìsàn ṣe bára mu lè fara pamọ́ sábẹ́ wákàtí. Àfi kí wọ́n pín àwọn aláìsàn sí òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ láìṣojúsàájú kí a tó mọ òótọ́.

Ní Nàìjíríà, ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Benin ló kọ́kọ́ ṣe ìpààrọ̀ náà ní 2011. Dókítà Nosa Bazuaye ló ṣáájú iṣẹ́ ọ̀hún, ọmọkùnrin kan tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde ni wọ́n tọ́jú. Ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, ilé-ìwòsàn LUTH àti àjọ Sickle Cell Foundation Nigeria dara pọ̀ mọ́ Yunifásítì Vanderbilt ti Amẹ́ríkà, níbi tí Dókítà Adetola Kassim ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ìpààrọ̀ yìí.

Gígùn ọjọ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó rọrùn fún irú ìwádìí yìí: láàárín ọdún, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù kò tó wákàtí kan. Iná wọ́ọ̀dù lóru ni kí a máa ṣọ́, àti olùtọrẹ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ọdẹ tó ń ṣiṣẹ́ òru, nítorí ó ṣeé ṣe kí aago tirẹ̀ ti yí padà. Ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì UNIMED, tí ó ní ẹ̀ka l'Óǹdó àti l'Ákùúrẹ́, lè bẹ̀rẹ̀ láìra ẹ̀rọ kankan: kí wọ́n kọ wákàtí tí ìrora tí dídí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń fà fún aláìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde bẹ̀rẹ̀ sínú káàdì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wákàtí tó dé ọsibítù.