Láti Ọwọ́ Oníbodè sí Ọwọ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Àyálò Kan ní Ìmẹ̀kọ

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ àyálò méjì kan wà tí tọmọdé tàgbà mọ̀ ní Ìmẹ̀kọ. Èkíní ni kọ́sítọ́ọ̀mù, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ṣọ́ ẹnubodè. Èkejì ni kọ́sítọ́mà, ìyẹn oníbàárà. Ó ṣòro kí ẹni tí ń pè wọ́n tó fura pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àti pé ìyá wọn, ‘custom’, ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe àṣà. Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ìtàn rẹ̀ kan Ìmẹ̀kọ tààrà.

Orírun Ọ̀rọ̀ Náà

Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Consuetudo ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí ohun tí ó ti mọ́ ènìyàn lára. Ó gba inú èdè Faransé àtijọ́ kọjá bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó yá, owó tí àwọn ará ìlú ti ń san fún ọba láti ìgbà pípẹ́ di ohun tí wọ́n ń fi orúkọ náà pè. Lọ́dún 1275, ìgbìmọ̀ aṣòfin gbà kí Ọba Edward Kìíní máa gba ṣílè 6 àti pẹ́ńsì 8 lórí àpò irun àgùntàn kọ̀ọ̀kan tí ń jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó ń ra ọjà lọ́dọ̀ ẹnì kan lóòrèkóòrè náà sì di ‘customer’. Ohun tí à ń ṣe léraléra ni ó so ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ọ̀rọ̀ Náà ní Dàhọ̀mì

Àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etíkun ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Ouidah, ẹrù tí ọ̀gá ọkọ̀ ń san fún ọba kí ó tó lè ra ẹrú ni wọ́n fi ń pè. Wọ́n tún fi pe ọdún ńlá tí ọba Dàhọ̀mì ń ṣe fún àwọn baba ńlá rẹ̀, èyí tí àwọn Fọ̀n ń pè ní Xwetanu, níbi tí wọ́n ti ń fi òǹdè ogun rúbọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán fún àwọn Kétu. Lọ́dún 1886, nígbà ayé Ọba Glele, ogun Dàhọ̀mì pa Kétu run, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú.

Bodè àti Ààlà

Àwọn Kétu mọ bodè ṣáájú òyìnbó. Odi yí ìlú wọn ká, ẹnu odi náà, Àkàbà Ìdènà, sì lókìkí títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ìlú ni oníbodè ń ṣọ́. Kì í dúró sí àárín ọmọ ìyá méjì. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe àdéhùn tí ó yí èyí padà. Kétu, ibùjókòó Alákétu, bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ìlú Kétu, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ bíbí Ìmẹ̀kọ, gbé jáde lọ́dún 1976 ṣàlàyé bí àwọn ènìyàn ṣe sá kúrò lápá Faransé nítorí iṣẹ́ ipá àti ìfipá-múni-sógun. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí wọn ní òdìkejì ààlà ni púpọ̀ nínú wọn sá lọ.

Lóṣù Kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá, àṣẹ tún jáde pé wọn kò gbọdọ̀ já epo sí ilé epo tí kò ju kìlómítà 20 lọ sí ààlà. Àwọn onífàyàwọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ pàṣẹ, ṣùgbọ́n irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kì í ya onífàyàwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ń lọ sìnkú àna rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá kò da àṣà, owó bodè àti oníbàárà pọ̀ mọ́ra. Ìdí nìyí tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi wọ èdè náà pẹ̀lú ìtumọ̀ kan ṣoṣo: ẹni tí ń dá ènìyàn dúró. Síbẹ̀, pípẹ́ tí owó bodè ti pẹ́ ni ó sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ ọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí pípẹ́ bá ń sọ nǹkan di ẹ̀tọ́, lílọ-bíbọ̀ láàárín Ìmẹ̀kọ àti Kétu, fún ìsìnkú, fún ọjà àti fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ náà ju ààlà ọdún 1889 lọ. Ó yẹ kí àwọn tí ń ṣòfin ẹnubodè rántí èyí.