Láti Pọ́ǹpù Ọwọ́ Dé Iná Pupa: Ìtàn Ìkìlọ̀ Ọ́ìlì lára Alùpùpù

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kò sí iná kankan lára alùpùpù tó ń kìlọ̀ pé ọ́ìlì kò dé inú ẹ́ńjìnnì mọ́, nítorí pé ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún gan-an ni iṣẹ́ náà wà. Pọ́ǹpù kékeré kan máa ń wà lára táǹkì, tí ẹni tó ń gun alùpùpù yóò máa fi ọwọ́ tẹ̀ bó ti ń lọ lójú ọ̀nà, kí ọ́ìlì díẹ̀ lè wọ inú ẹ́ńjìnnì, kó ṣiṣẹ́ rẹ̀, kó sì jóná tàbí kó jò dànù láìpadà sí táǹkì mọ́. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀jù yóò rí èéfín búlúù lẹ́yìn ara rẹ̀, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ yóò sì dọ̀tí; ẹni tó bá sì gbàgbé nígbà tó ń gun òkè, písítìnnì lè lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ara sìlíńdà.

Nígbà tí ó di pé ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń yí pọ́ǹpù, tí ọ́ìlì sì ń lọ tó ń bọ̀ láàárín táǹkì àti ẹ́ńjìnnì, ẹni tó ń gun alùpùpù bọ́ lọ́wọ́ wàhálà, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mọ́. Ohun tó wá ṣe pàtàkì láti mọ̀ ni ipá ọ́ìlì, èyíinì ni agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì gba àwọn ihò tóóró dé ibi tí kíráńkì ti ń yí. Lára Triumph Speed Twin tí Edward Turner ṣe jáde ní ọdún 1937, gééjì tó ń fi ipá yìí hàn wà lórí táǹkì níwájú ẹni tó ń gùn ún. Ní ọdún 1949, wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì fi bọ́tìnnì kékeré kan rọ́pò rẹ̀ nísàlẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì, tí ń yọrí síta bí ipá bá wà. Ẹ̀yìn ni ìyípadà yìí padà sí, nítorí kò sí ẹni tó ń sáré lórí títì tí yóò máa bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Iná ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Honda CB750 ti ọdún 1969 ní iná ọ́ìlì níwájú, Triumph náà sì fi súwíìṣì ipá ọ́ìlì sára àwọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní àkókò kan náà. Awọ fẹ́lẹ́ kan àti sípíríìnì wà nínú súwíìṣì yìí: bí ipá kò bá sí, sípíríìnì yóò ti irin kan ara ẹ́ńjìnnì, iná yóò sì tàn, bí ọ́ìlì bá ti awọ náà sẹ́yìn, irin yóò já, iná yóò kú. Ìdí nìyí tí iná fi gbọ́dọ̀ tàn nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ́ńjìnnì tó sítáàtì, torí iná tí kò tàn rárá nígbà náà lè jẹ́ gílóòbù tó ti jó tàbí wáyà tó já, kì í ṣe àmì àlàáfíà.

Láti inú ìṣètò yìí ni ọ̀nà tí àwọn mẹkáníìkì fi ń wá àléébù ti jáde. Bí iná bá tàn lójú ọ̀nà, pípa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló ṣáájú, lẹ́yìn náà wíwo ìwọ̀n ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá pé, mẹkáníìkì yóò yọ wáyà orí súwíìṣì: bí iná kò bá kú, wáyà náà ti bó, ó sì ń kan irin níbì kan, bí ó bá kú, ó ku súwíìṣì tàbí ipá gan-an, gééjì tí a bá dè sí ihò súwíìṣì fúngbà díẹ̀ ni yóò sì sọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. Àṣìlóye tó wọ́pọ̀ jù ni pé iná yìí ń ka iye ọ́ìlì tó kù. Ipá nìkan ló mọ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, débi pé bẹ́ríìnì lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kí iná tó tàn.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ lára àwọn alùpùpù tó ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ bẹntiróò. Lẹ́yìn tí Yamaha mú Autolube, pọ́ǹpù tó ń fúnra rẹ̀ bu ọ́ìlì fún ẹ́ńjìnnì, jáde ní ọdún 1964, àwọn ẹ̀yà kan tó tẹ̀ lé e ní iná tó ń ka iye ọ́ìlì inú táǹkì ní tòótọ́. Ní ti Honda CG125 ti ọdún 1976 àti àwọn àwòkọ rẹ̀ láti Ṣáínà, tó kún ọwọ́ àwọn ọlọ́kadà ilẹ̀ Yorùbá, kò sí iná ọ́ìlì rárá: ọ̀pá gééjì tó wà lára ìdérí ihò ọ́ìlì ni wọ́n ń fà yọ, tí wọ́n ń nù, tí wọ́n ń tì padà láìdè é, nígbà tí alùpùpù bá dúró ṣánṣán.