Ogbó àti Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Inú Ẹ̀jẹ̀

Kí ni ó fà á tí àìsàn tí ọ̀dọ́ fi ọjọ́ mẹ́ta borí fi ń dá àgbàlagbà dùbúlẹ̀ fún oṣù kan? Apá kan nínú ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan tí ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ wa, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ní apani àbínibí.

Ní ọdún 1975, Rolf Kiessling, Eva Klein àti Hans Wigzell, ní ilé-ẹ̀kọ́ Karolinska ní ìlú Stockholm, kéde pé sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ara eku tí ó lè pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kò bá pàdé rí. Ní ọdún yẹn kan náà, Ronald Herberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1986, Klas Kärre àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ ọ̀tá hàn. Sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá ní àmì kan lára, bí ilà tí a fi ń mọ ọmọ ilé. Èyí tí àmì náà bá sọnù lára rẹ̀ ni apani ń dojú kọ.

Ṣùgbọ́n kí ni ogbó ń ṣe fún àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí? Nígbà tí a kà wọ́n, iye wọn kò dínkù lára àgbàlagbà. Ó tilẹ̀ sábà máa ń pọ̀ sí i. Àwọn tuntun ni ó dínkù, àwọn tí ó ti pẹ́ ni ó pọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun kọ́ ni ìṣẹ́gun. Ní 2012, Jon Hazeldine, Janet Lord àti ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí i pé àpò kékeré tí apani fi ń gbé perforin, ohun tí ó ń dá ihò sí ara ọ̀tá, kì í sún dé ojú ìjà dáadáa mọ́ lára àgbàlagbà. Ọmọ ogun wà lójú ogun, ọfà kò jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti yàrá ìwádìí nìkan. Ní ọdún 2000, Kazue Imai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ lórí ènìyàn 3,625 ní Saitama, ní Jàpáánì, tí wọ́n ṣọ́ fún ọdún 11: àwọn tí agbára ìpani ẹ̀jẹ̀ wọn kéré ni àrùn jẹjẹrẹ mú jù. Ṣùgbọ́n ní 1993, Paolo Sansoni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì ti fi hàn pé agbára yìí ṣì wà dáadáa lára àwọn tí ó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ni pé ogbó kì í ṣe bákan náà lára gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, bí àìsàn bá kọlu àgbàlagbà, kí a má ṣe wí pé "ogbó ni", kí a sì káwọ́ gbera.